Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Ọ̀nà Oko

Ọ̀nà ọlọ́dà ni mọ́tò ń gbà. Ọ̀nà oko ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere lè gba méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn wa fi fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ níhìn-ín, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó lọ. Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò nígboro.

Bí ẹ bá jáde ní Ọ̀fà, tí ẹ ń lọ sí oko ànàmọ́, oko iṣu tàbí oko ẹ̀gẹ́, ọ̀nà tóóró ni ẹ ó bá pàdé. Koríko wà lọ́tùn-ún, koríko wà lósì. Ibì kan jẹ́ yangí, ibì kan jẹ́ iyanrìn, ibì kan jẹ́ ẹrẹ̀. Ìyá tó ru ẹrù ń gbà á. Ọmọ ilé-ìwé ń gbà á. Darandaran àti màlúù rẹ̀ ń gbà á. Ọlọ́kadà náà ń gbà á. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, gbogbo wa la sì ni ín.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Òun ni pé: ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀, ká sì wo bí a ti ń ṣe é.

IBI TÍ KẸ̀KẸ́ TI ṢẸ̀ WÁ

Ní 1817, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì, Karl Drais lorúkọ rẹ̀, ṣe ohun kan tó ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Igi ló fi ṣe é. Kò ní ibi tí à ń tẹ̀. Ńṣe ni ẹni tó gùn ún ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, bí ẹni tó ń sáré lórí ìjókòó.

Ní 1885, John Kemp Starley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Irú rẹ̀ là ń gùn títí di òní. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ọ̀sìn ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ kò ti gbo ara èèyàn jìgìjìgì mọ́.

Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́, àwọn aláṣọ àti àwọn àgbẹ̀ ń gùn ún. Raleigh, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham, di orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Lóde òní, ọ̀kadà ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ kì í mu epo bẹntiróòlù, ó sì ń dé ibi tí mọ́tò kò lè dé.

ÌJÀ Ọ̀NÀ LÓRÍ ÒKÈ KAN NÍ AMẸ́RÍKÀ

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ọ̀fà díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó lè kọ́ wa lọ́gbọ́n nípa ọ̀nà inú igbó.

Ní Kalifọ́níà, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Tamalpais. Láàárín 1970 sí 1980, àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ nípọn lọ sórí òkè. Láti òkè, wọ́n á gùn ún wálẹ̀ pẹ̀lú eré burúkú. Bíréèkì tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ á jó di èéfín. Bí wọ́n bá ti dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á tún gíríìsì kì sí i. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje lójú ọ̀nà náà. Ní 1977 ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun fún irú ìrìn yìí. Báyìí ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, wọ́n fi kún eré Òlíḿpíìkì ní ìlú Atlanta.

Ó dùn mọ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun ẹṣin. Kẹ̀kẹ́ á yọ sí wọn lójijì ní kọ́nà. Ẹṣin á ta. Àgbàlagbà á fò sínú igbó. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró mọ́ kẹ̀kẹ́. Ní àwọn ọ̀nà tó ṣẹ́ kù, wọ́n ní eré kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 24 ní wákàtí kan. Ní kọ́nà tí ojú kò ti ríran, kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 8.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ rí i pé ọ̀nà ń bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní 1988, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gbé òfin 6 kalẹ̀ fún ara wọn. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú òfin 6 náà wá sí ọ̀nà oko wa.

ÒFIN MẸ́FÀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

1. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ gbà.
Kì í ṣe gbogbo ibi tí táyà lè wọ̀ ló yẹ kó wọ̀. Ẹ má la àárín ebè ẹlòmíràn kọjá nítorí pé ẹ fẹ́ dé kíá. Bó bá jẹ́ igbó tí ìjọba pa mọ́ ni, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Bó bá jẹ́ igbó àìwọ̀ ti àwọn ará ìlú ni, ẹ má wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọdẹ ń dẹ pàkúté sínú igbó. Ẹni tó yà kúrò lójú ọ̀nà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó sí i.

2. Ẹ má ba ọ̀nà jẹ́.
Nígbà òjò, táyà máa ń la ipa sínú ẹrẹ̀. Bí òjò mìíràn bá rọ̀, omi á gba ipa yẹn. Omi á máa gbẹ́ ẹ, títí ọ̀nà á fi di kòtò. Ìyá tó ru igi á wá fi ẹsẹ̀ há sínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Ẹ má yà sínú oko ẹni ẹlẹ́ni láti sá fún ẹrẹ̀. Ẹ má sì sọ ọ̀rá omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

3. Ẹ kápá kẹ̀kẹ́ yín.
Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Kẹ̀kẹ́ tí kò tilẹ̀ sáré púpọ̀ lè rin kìlómítà 18. Ìyẹn ni pé, kí ẹ tó sọ pé "Ẹ kú oko o" tán, kẹ̀kẹ́ ti rin mítà 5.

Wàyí o, ọmọdé kan sáré jáde láti inú koríko. Kí ojú yín tó rí i, kí ọkàn yín tó mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ yín tó fún bíréèkì, ẹ ti rin mítà 5 yẹn. Bíréèkì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ ń sọ̀ ńkọ́, tí eré yín di ìlọ́po méjì? Ibi tí bíréèkì á ti dá kẹ̀kẹ́ dúró kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì o. Ìlọ́po mẹ́rin ni yóò jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí eré yín mọ níwọ̀n ibi tí ojú yín ríran dé. Bí koríko bá ga, tàbí ọ̀nà bá ṣẹ́ kọ́nà, ẹ dẹ eré títí yóò fi dà bí ìrìn ẹsẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

4. Ẹ yà fún ẹlòmíràn.
Èyí ni olórí gbogbo òfin náà. Ẹ wo ìyá tó ru agbọ̀n ànàmọ́. Ẹrù náà wúwo. Kò lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Kò lè fò sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá lu aago lójijì nídìí rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Ó lè yà sí ibi tí ẹ̀yin náà ń yà sí. Bó bá pọn ọmọ, ẹ̀mí méjì lẹ fẹ́ fi ṣeré yẹn.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ dẹ eré láti òkèèrè. Ẹ lu aago díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì jìnnà. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ kí i: "Ẹ kú ẹrù o, ìyá. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín o." Bó bá dáhùn pé, "Rọra máa bọ̀, ọmọ mi," ó ti gbọ́ nìyẹn. Ìkíni dára ju aago lọ, nítorí pé aago kò sọ ẹni tó ń bọ̀, kò sì sọ bí ó ti jìnnà tó. Bí ọ̀nà kò bá gba èèyàn méjì, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ lé e títí ọ̀nà á fi fẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi dúró kò lè ba oko jẹ́.

Bí kẹ̀kẹ́ méjì bá pàdé níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ni kó dúró fún ẹni tó ń gòkè. Ẹni tó ń gòkè ń tiraka. Bó bá dúró, ó ṣòro fún un láti tún bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ má dẹ́rù ba ẹran.
Bí ẹ bá pàdé màlúù, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má lu aago, ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kí darandaran kó wọn kọjá. Màlúù tí ẹ̀rù bà kò mọ ọ̀nà, ó lè tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ejò tó nà gbọọrọ lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe gun orí rẹ̀ kọjá. Ẹ dúró lókèèrè kó kọjá.

6. Ẹ múra kí ẹ tó jáde.
Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó dé. Ẹ gbé omi mímu dání. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ọ̀nà ibẹ̀ dé bóyá àlàáfíà wà. Lóde òní, àwọn ajínigbé ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu ní ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ má dá lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú yín sínú igbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ bá rí èéfín iná igbó níwájú, ẹ yí padà. Iná lè sáré ju kẹ̀kẹ́ lọ nínú koríko gbígbẹ.

ẸNI TÓ FẸ́ JÁDE, KÓ YẸ KẸ̀KẸ́ RẸ̀ WÒ

Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú, kí ẹ fún bíréèkì iwájú. Ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn. Bí rọ́bà bíréèkì bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rọ́bà kò tó owó ìtọ́jú egungun tó ṣẹ́.

Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń wà láàárín rọ́bà bíréèkì àti irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bíréèkì kò ní tètè mú. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó lè nu omi náà kúrò. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lo bíréèkì méjèèjì pa pọ̀. Bí ẹ bá fún ti iwájú nìkan lójijì, kẹ̀kẹ́ lè gbé yín ṣánlẹ̀ láti orí wá. Ẹ rántí bíréèkì tó jó lórí òkè Tamalpais. Ẹ má fún un mọ́wọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fún un, ẹ tú u, ẹ tún fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo táyà, kó má rọ̀, kó má sì là. Ẹ wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kó má mì. Ẹ wo ṣéènì, kó má dẹ̀ jù. Ẹ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ẹ sì wé ìró dáadáa, kí ṣéènì má baà mú un. Ẹ dé akoto sí orí bí ẹ bá ní in, nítorí pé orí kò ní ààrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹrù tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí bíréèkì mú. Ẹ má fi igi ìdáná dábùú kẹ̀kẹ́, kó má baà gbá ẹni tí ẹ fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tàbí àpò wé ojú àdá, kí ẹ so ó mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ní òòró. Ẹni tó fi àdá há abíyá, tó wá ṣubú, àdá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé.

OJÚ IRIN, ODÒ ÀTI Ọ̀NÀ ỌLỌ́DÀ

Ojú irin rélùwéè gba Ọ̀fà kọjá. Irin yẹn máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀ sí i. Bí ẹ bá gbà á ní ìdágẹ̀rẹ̀, táyà lè bọ́ sí àárín irin, kẹ̀kẹ́ á sì ṣubú. Ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún ìkọjá ni kí ẹ gbà. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, kí ẹ tó ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Ọkọ̀ ojú irin wúwo, kò lè dúró lójijì nítorí ẹnì kankan.

Bí ẹ bá dé odò tàbí afárá onígi, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí omi bá kún, tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Níbi tí ọ̀nà oko ti pàdé ọ̀nà ọlọ́dà, ẹ dúró pátápátá. Títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wa ń gbà. Nítorí náà, láti apá òsì yín ni mọ́tò tó sún mọ́ yín jù ti ń bọ̀. Ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, ẹ tún wo òsì, kí ẹ tó wọlé. Ẹ máa gba etí ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ tan iná, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí yín.

BÍ ÈÈYÀN BÁ ṢUBÚ

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ má bu iyanrìn tàbí kẹrosíìnì sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ara tó bó. Egbò tí erùpẹ̀ wọ̀ lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tí í mú ẹnu dì pa. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Bí ẹni náà bá fi orí tàbí ọrùn gbálẹ̀, ẹ má fà á dìde, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ dúró gbọọrọ, kí ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó fi orí gbálẹ̀, tó ń bì tàbí tó ń sùn lójijì, kò gbọdọ̀ sùn sílé. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ má fi ẹnu fa oró rẹ̀. Ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà fara balẹ̀, kó má rìn, kó má sì mi ibi tí ejò bù jẹ. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà kúrò lára ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ wá ọkọ̀ tó máa gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá. Ibẹ̀ la ti ń rí oògùn tó ń ṣẹ́gun oró ejò.

Ẹ̀yin ará wa, kẹ̀kẹ́ ń sọ ọ̀nà jíjìn di ọ̀nà kúkúrú. Ó ń gbé ẹrù wa, ó sì ń dín àárẹ̀ wa kù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń bẹ̀rù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá yà fún ìyá arùgbó lójú ọ̀nà lónìí, ó ń ṣe é fún ìyá tirẹ̀ náà, nítorí pé ẹlòmíràn wà lórí kẹ̀kẹ́ lọ́nà ibòmíràn, tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyá tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ìjọba fi ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà mọ́ kẹ̀kẹ́ lórí òkè Tamalpais?
2. Bí eré kẹ̀kẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mélòó ni ibi tí bíréèkì á ti dá a dúró?
3. Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹ bá bá ìyá tó ru ẹrù níwájú yín lójú ọ̀nà tóóró?
4. Báwo ni a ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lórí ojú irin?
5. Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ ṣe fún ẹni tí ejò bù jẹ.
6. Ọ̀nà oko wo ló léwu jù ní àdúgbò yín? Ẹ bá ara yín sọ ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tún ṣe níbẹ̀.